Ilé-iṣẹ́ bàbá wa ti kógbá sílé: kí ni àwa ọmọ ìyá mẹ́ta yóò ṣe tí a kò fi ní pàdánù ara wa?

Ọmọ Kejì:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Bàbá wa ló dá ilé ìtẹ̀wé kan sílẹ̀ kí wọ́n tó bí àkọ́bí wa, àwa ọmọkùnrin mẹ́ta sì ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún nígbà tí wọ́n kú. Ẹ̀gbọ́n wa ni ọ̀gá àgbà, èmi ń bójú tó yàrá ẹ̀rọ, àbúrò wa ń tọ́jú ìwé owó. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù nígbà tí àwọn oníbàárà tí ń tẹ ìwé ìpolongo, ìwé ìsanwó àti kàlẹ́ńdà lọ́dọ̀ wa rí i pé àwọn lè fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn lórí fóònù. A yá owó ra ẹ̀rọ tuntun tí yóò jẹ́ kí a lè máa tẹ ìwé díẹ̀díẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n èlé orí owó náà ń yára ju owó tí ń wọlé lọ. Nígbà tí kò sí ohun tí a tún lè tà, a dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró, a sì ti ilẹ̀kùn.

Èyí tí ó ń dùn mí jù báyìí ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Ẹ̀gbọ́n wa kì í jáde, wọn kì í gbé fóònù, bí mo bá sì lọ sọ́dọ̀ wọn, a ó kàn jókòó ni. Àbúrò wa ti rí iṣẹ́ síbòmíràn, inú rẹ̀ sì ń dùn sí iṣẹ́ náà, kò fi bò. Ẹ̀gbọ́n wa sọ fún mi pé ẹni tí ó lè máa rẹ́rìn-ín nígbà tí òkú kò tíì kúrò nílẹ̀ kò fẹ́ràn òkú náà rí. Ọ̀rọ̀ yẹn dé etí àbúrò wa, láti ìgbà náà sì ni kò ti dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ìyá wa ní tiwọn ti kìlọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà níwájú wọn.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n pe àwa mẹ́ta jọ, kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí a mọ ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì tán? Tàbí kí n fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣesí:

Ẹ kú ìfaradà. Kí ẹ tó pe ìpàdé kankan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbà pé ọ̀fọ̀ ni ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe. Dean Shepherd, tí ó jẹ́ onímọ̀ nínú ẹ̀kọ́ okòwò, kọ̀wé jáde ní ọdún 2003 lórí ohun tí ó máa ń bá ẹni tí okòwò rẹ̀ bá kú. Ìbànújẹ́ àti ọ̀fọ̀ ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò fi í mọ sí èrè àti àdánù. Ilé-iṣẹ́ ìdílé tirẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ní láti tì ló mú un ronú dé ibẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1989, Kenneth Doka, onímọ̀ nípa ọ̀fọ̀, ti ṣàlàyé irú ọ̀fọ̀ kan tí àwọn ènìyàn kì í kà sí ọ̀fọ̀, tí ẹni tí ó ń ṣe é kò fi ní ẹ̀tọ́ láti sunkún ní gbangba. Tiyín nìyẹn. Bí ènìyàn bá kú, wọ́n á wá jókòó tì yín. Bí ilé-iṣẹ́ bá kú, àwọn tí ẹ jẹ lówó nìkan ní í kanlẹ̀kùn, àwọn tí ó sì fẹ́ tù yín nínú á ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, bí ẹni pé ẹ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹwà tẹ́lẹ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín, ìwádìí Margaret Stroebe àti Henk Schut, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1999, lè ràn yín lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ kì í tò lẹ́sẹẹsẹ láti ìbànújẹ́ dé ìtùnú. Ńṣe ni ó máa ń lọ tí ó ń bọ̀, tí yóò kọjú sí ohun tí ó sọnù fún ìgbà kan, tí yóò sì tún kọjú sí ayé tí ó kù láti gbé, ìyẹn iṣẹ́ tuntun, owó, ojúṣe tuntun. Nínú lílọ-bíbọ̀ yìí ni ọgbẹ́ ti ń jiná. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n yín dúró sí apá kan, àbúrò yín sì dúró sí apá kejì, olúkúlùkù wọn sì ń wo èkejì rẹ̀ bí ọ̀dàlẹ̀. Bí wọ́n bá lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan tí wọ́n fọkàn tán pé ọ̀fọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe, ìdajì ìjà yẹn yóò rọlẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, ìpàdé ẹ̀bi kò yẹ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò ṣeé dúró dè. Bí ẹ̀gbọ́n yín kò bá sùn tàbí jẹun dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tàbí bí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ bíi pé yóò sàn fún ẹ̀yin yòókù bí wọn kò bá sí láyé, ẹ bi wọ́n léèrè gbangba bóyá wọ́n ń ro láti pa ara wọn. Bíbèèrè kì í gbin èrò náà sí ènìyàn nínú. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan, kí ẹ sì mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Àgbà Oníṣirò:

Mo fara mọ́ èyí tí ó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú tèmi, àfi ti ìpàdé. Èlé kì í dúró de ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ ní láti pàdé, kí ó sì yá, ṣùgbọ́n ìṣirò ni kí ẹ bá pàdé: ta ni a jẹ, èló ni a jẹ ẹ́, ta ni ó jẹ wá, kí ni ó kù tí a lè tà, ọwọ́ ta ni ìwé wà? Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìpàdé yẹn, ẹni tí ó bá sì gbé e wá, kí ẹ dá a dúró.

Mo ti bá ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe irú ìṣirò yìí, ohun tí mo sì máa ń rí ni pé wọ́n ń fi ohun tí ó jẹ́ ti apá kan san gbèsè apá mìíràn. Ní nǹkan bí ogójì ọdún ó lé sẹ́yìn, Renato Tagiuri àti John Davis ní Yunifásítì Harvard ya àwòrán òbìrípo mẹ́ta tí wọ́n wọnú ara wọn láti fi ṣàlàyé ilé-iṣẹ́ ìdílé: ìdílé ni ọ̀kan, iṣẹ́ ni èkejì, ohun-ìní ni ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní àárín gbùngbùn níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn yín tó bẹ́ẹ̀. Òbìrípo iṣẹ́ ti pòórá báyìí. Ti ohun-ìní ṣì wà, àmọ́ gbèsè àti ìwé ni ó kù nínú rẹ̀. Ti ìdílé kò yingin, àyàfi bí ẹ bá ń lọ yọ owó níbẹ̀ láti fi san gbèsè iṣẹ́, tí ẹ ń sọ fún ara yín pé "nítorí pé o kò tọ́jú ìwé owó dáadáa, n kò ní wá síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ."

Ẹnìkan yóò tún wá sọ fún yín pé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún péré nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ìdílé ní í dé ọwọ́ ìran kejì. Àtinú ìwádìí tí John Ward gbé jáde ní ọdún 1987 ni iye yẹn ti wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ohun èlò jáde ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà nìkan ni ó yẹ̀ wò, ilé-iṣẹ́ tí ìdílé bá sì tà fún ẹlòmíràn ní owó tó jọjú wà lára àwọn tí kò "dé." Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye yẹn dẹ́rù bà yín, ẹ má sì fi í tu ara yín nínú.

Arẹ̀mọ:

Èmi náà ni àkọ́bí nílé wa, èmi ni mo sì ti ilé-iṣẹ́ tí mo jogún. Ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún ẹ̀gbọ́n yín díẹ̀, nítorí ó dá mi lójú pé wọn kò ní sọ ọ́ fúnra wọn.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá kú, àwọn àbúrò pàdánù iṣẹ́, arẹ̀mọ pàdánù ẹni tí ó jẹ́. Láàárọ̀, kò sí ẹni tí yóò pè é láti béèrè ohun tí àwọn yóò ṣe. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè gbogbo ènìyàn, lójijì kò sí ẹni tí ó ń béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju pé "ṣé ara yá?" Ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò sì ní ìdáhùn sí nìyẹn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ ń rí yẹn kì í ṣe ìbínú sí yín.

Nítorí náà, ẹ má ṣe máa béèrè bí ara wọn ṣe rí. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tí àwọn nìkan lè ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, lẹ́tà ìjẹ́rìí tí mo kọ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè fi wá iṣẹ́ síbòmíràn ni ó kọ́kọ́ gbé mi dìde. Mo ní láti rántí ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n ṣe, ìgbà tí ó dé, wàhálà tí ó bá wa yanjú. Bí mo ṣe ń kọ wọ́n, mo ń sin ilé-iṣẹ́ náà, mo sì ń ṣe àwọn ènìyàn lóore lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n kọ irú rẹ̀. Ẹ tún bi wọ́n pé oníbàárà wo ni ó ṣì jẹ yín lówó tí ó ṣeé gbà, àti ẹni tí ó lè ra ẹ̀rọ náà láìfi ojú ẹrù tó bàjẹ́ wò ó.

Nípa pé ọwọ́ wọn ni ó kú sí: ní ilẹ̀ Japan, ilé-iṣẹ́ ìdílé kan wà tí ń jẹ́ Kongō Gumi, tí ń kọ́ tẹ́ńpìlì láti ọdún 578. Ní ọdún 2006, ó bọ́ lọ́wọ́ ìdílé tí ó dá a sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ Takamatsu sì gbà á. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti irínwó ọdún nígbà náà, olórí tí ó jẹ́ ti ìran ogójì ni ó sì wà lórí àga. Gbèsè tí ó pa á ti bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí wọ́n yá owó ra ilẹ̀ lásìkò tí iye ilẹ̀ ga lọ́nà òdì, àwọn ènìyàn sì tún dín owó tí wọ́n ń dá fún tẹ́ńpìlì kù. Ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó wó ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn náà kò jẹ́ sọ pé òun nìkan ni ó wó o.

Ìyàwó Ilé:

Mo ń ka gbogbo èyí láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ àwọn ìyàwó. Ọkọ mi àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ṣe ìpàdé títí, wọ́n pín gbèsè, wọ́n dìde, wọ́n gbá ara wọn mọ́ra, wọ́n sì wá sọ fún wa lẹ́yìn náà iye tí yóò máa jáde nínú owó ilé wa ní oṣooṣù. Ìjà tí ó dìde láàárín àwọn ìyàwó lẹ́yìn èyí gùn ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Ẹ̀yin Ọmọ Kejì, kí ẹ tó gba ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ìyàwó yín. Mo sì rò pé ẹ̀rù ni ó ń ba ìyá yín. Òkú ọkọ wọn ni wọ́n tún ń sin lẹ́ẹ̀kejì, wọn kò sì fẹ́ rí i kí àwọn ọmọ máa jà lórí pósí.

Ọmọ Kejì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́tà tí Arẹ̀mọ sọ, wọ́n sì gbà, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ tó gùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ nínú fáìlì, ìwé kan bọ́ sílẹ̀, mo sì rí i pé nígbà tí a ń yá owó ẹ̀rọ, ilé tí wọ́n ń gbé ni wọ́n fi dógò, àwọn nìkan ni wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé onídùúró. Èmi àti àbúrò wa kò mọ̀. Wọ́n ní àwọn kò sọ nítorí pé a ó kọ̀, ẹ̀rọ náà kò sì ní wọlé. Báńkì ti kọ̀wé sí wọn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn yé mi wàyí. Àbúrò wa ti gbọ́, ó ní òun kò bèèrè fún irú ìrúbọ bẹ́ẹ̀, òun kò sì ní san nǹkan kan lórí ìwé tí òun kò fọwọ́ sí. Kí ni òfin sọ, kí sì ni ó tọ́?

Agbẹjọ́rò Kan:

Èmi yóò dáhùn ti òfin, àwọn yòókù á dáhùn èyí tí ó tọ́. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àrà tirẹ̀, nítorí náà ẹ mú ìwé náà lọ bá agbẹjọ́rò tó wà nítòsí yín.

Bí ilé-iṣẹ́ yín bá jẹ́ èyí tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́ńpìnnì tí gbèsè rẹ̀ kò kọjá ìpín àwọn onípìn-ín, gbèsè rẹ̀ kì í ṣe gbèsè yín. Ẹjọ́ Aron Salomon, tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní ọdún 1897, ni ó fi èyí múlẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin wọn ti ibẹ̀ wá. Oníbàtà ni Salomon, òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ni ìpín inú kọ́ńpìnnì náà. Nígbà tí ó wọ gbèsè, wọ́n fẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ san án, ilé-ẹjọ́ sì dáhùn pé kọ́ńpìnnì yàtọ̀ sí ẹni tí ó dá a sílẹ̀, àní bí ìdílé kan ṣoṣo bá ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń dòwò pọ̀ ni láìforúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọn tí ẹ jẹ lówó lè mú.

Nítorí ẹjọ́ Salomon yìí gan-an ni báńkì ṣe ń béèrè onídùúró. Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí i ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lábẹ́ ààbò náà. Bí onídùúró bá ju ọ̀kan lọ, ẹni tí ó bá san lè ní kí àwọn yòókù dá tiwọn padà fún òun; ẹni tí kò fọwọ́ sí i kò sí nínú èyí. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ yín bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, ní ti òfin, ọ̀rọ̀ àbúrò yín kò ṣe é bá wí.

Ẹ wo ohun mẹ́ta nínú ìwé náà kíákíá: ṣé ìdúró náà ní gbèdéke iye tàbí gbogbo gbèsè ni, ṣé ẹ̀rọ náà wà lára ohun ìdógò, nítorí owó tí wọ́n bá tà á yóò dín gbèsè kù, ṣé ọjọ́ wà tí báńkì fún yín láti fèsì? Ẹ fèsì kí ọjọ́ náà tó kọjá, kí ẹ sì béèrè fún ìtúntò gbèsè, nítorí ọ̀pọ̀ báńkì ni ó fẹ́ gba owó díẹ̀díẹ̀ ju kí wọ́n máa ta ilé kiri. Ẹ má sì ṣe sáré fi owó tí ó kù nínú àpò kọ́ńpìnnì san gbèsè ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan ṣáájú àwọn yòókù, nítorí wọ́n lè gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà lẹ́yìn náà.

Òpìtàn:

Ẹ fi ìtàn ìdílé méjì tí ọmọ ìyá méjì ti bá ara wọn jà ṣe àríkọ́gbọ́n. Adolf àti Rudolf Dassler jọ ń ṣe bàtà eré ìdárayá ní Herzogenaurach ní Jámánì, àní Jesse Owens, sárésáré ará Amẹ́ríkà, wọ bàtà wọn ní ìdíje Olíńpíìkì ọdún 1936. Wọ́n pínyà ní ọdún 1948, ọ̀kan di Adidas, èkejì di Puma, wọn kò sì parí ìjà títí wọ́n fi kú. Ẹ̀wẹ̀, ní ilẹ̀ Íńdíà, bàbá Mukesh àti Anil Ambani, tí ó ni ilé-iṣẹ́ ńlá Reliance, kú ní ọdún 2002 láìfi ìwé ìhágún sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jà, ìyá wọn sì wà lára àwọn tí ó pín iṣẹ́ náà sí méjì fún wọn ní ọdún 2005. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ti Anil wọ gbèsè, tí ilé-ẹjọ́ sì ní kí ó san owó ilé-iṣẹ́ Ericsson tàbí kí ó wẹ̀wọ̀n ní ọdún 2019, Mukesh ló ràn án lọ́wọ́ tí ó fi san án.

Arẹ̀mọ:

Ẹ ṣeun, Òpìtàn, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ kò bá ọ̀rọ̀ wa mu. Àwọn Dassler pínyà, okòwò méjèèjì sì là. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n pàdánù. Ní ti èkejì, ọlọ́rọ̀ ni ó gba ọlọ́rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan kò lè ṣe bíi Mukesh, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í ṣe òṣùwọ̀n ìfẹ́ fún un.

Àbíkẹ́yìn:

Gbogbo ènìyàn ń gbèjà arẹ̀mọ, kò sì burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Àbíkẹ́yìn kì í sábà yan ilé-iṣẹ́ ìdílé. Ó bá a nílẹ̀ ni, wọ́n sì fi í sí àyè tí ó ṣófo. Nígbà tí ó bá wó, ìbànújẹ́ àti ìtúsílẹ̀ máa ń dé sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ojú sì máa ń tì í láti sọ pé ara tu òun. Ẹ̀rín tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rí lè jẹ́ ti ìtúsílẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ni ó wá gbọ́ pé ẹnìkan ti fi ilé dógò nítorí rẹ̀ láìbi í. Ìbínú rẹ̀ tọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó san nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún un lójúkojú pé ó yẹ kí àwọn ti bi í. Àgbà lè bẹ àbúrò, kò sí ohun tí yóò já bọ́ lára rẹ̀.

Àgbà Oníṣirò:

Òótọ́ ni Àbíkẹ́yìn sọ. Mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rò pé ó tọ́, nígbà tí Agbẹjọ́rò ti sọ ti òfin.

Bí ilé-iṣẹ́ yín bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, ẹ̀yin méjèèjì kò jẹ gbèsè náà. Ṣùgbọ́n owó oṣù tí ẹ gbà ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́, orí ilé yẹn ni ó dúró lé. Mo wá rò pé ó yẹ kí ẹ dá sí i, kí ó jẹ́ ìpín yín nínú iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣe, kí ẹ má sì pè é ní àánú, nítorí àánú ni ẹ̀gbọ́n yín kò ní lè gbà. Kí iye náà jẹ́ èyí tí ilé kọ̀ọ̀kan lè yọ láìjẹ gbèsè mìíràn, kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ti gbọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ níta. Kí ó ní òpin. Kí iye ẹni kan má dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnìkejì bí owó tí ń wọlé fún wọn kò bá dọ́gba. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ lọ bá báńkì, kí ẹ fọwọ́ sí ìdúró tuntun kí wọ́n lè fún ẹ̀gbọ́n yín láàyè sí i. Báńkì lè béèrè rẹ̀, ojú àánú yóò sì fẹ́ mú yín gbà. Bí ẹ bá ṣe é, ilé mẹ́ta ni yóò wà nínú ewu dípò ọ̀kan, kò sì ní sí ẹni tí yóò gba ẹnìkan sílé lọ́jọ́ tí ó bá burú. Ó ṣeé ṣe kí títa ilé náà fúnra yín, ní iye tó dára, sàn ju kí ẹ máa dì í mú títí báńkì yóò fi tà á ní gbàǹjo. Ẹ ṣírò èyí náà, bí ó tilẹ̀ korò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣesí:

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀bi tí ẹ kọ́kọ́ béèrè, mo mọ̀ pé kò ní parẹ́ nítorí pé a kò sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù kọ ọ́ sínú ìwé fún ara rẹ̀ ná, láìfi han ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1994, James Pennebaker, onímọ̀ ìṣesí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ onímọ̀ tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́: àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kọ èrò àti ẹ̀dùn ọkàn wọn lórí ìdádúró náà sílẹ̀ rí iṣẹ́ mìíràn kíákíá ju àwọn yòókù lọ. Kì í ṣe pé wọ́n kọ ìwé wíwáṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ. N kò lè ṣèlérí pé yóò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín, ṣùgbọ́n ó sàn kí ìbínú kọ́kọ́ bọ́ sórí ìwé ju kí ó bọ́ sí àárín ọmọ ìyá.

Ọmọ Kejì:

A ti pàdé, ní ilé mi, àwọn ìyàwó sì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa sọ fún àbúrò wa pé ó yẹ kí àwọn ti sọ ọ̀rọ̀ ilé náà fún un. Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun yóò dá sí i fún ọdún kan, lẹ́yìn èyí kí a tún un gbé yẹ̀ wò. Ìyàwó rẹ̀ ni ó dá iye rẹ̀. Àbúrò wa kò tíì máa lọ sílé ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀gbọ́n wa kò sì tíì kó ọ̀rọ̀ òkú tí wọ́n sọ jẹ. Ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ ń bọ̀ wá wò ó, ẹ̀gbọ́n wa ni wọn yóò mú un yíká. Bóyá ilé náà yóò jẹ́ títà tàbí kò ní jẹ́ títà kò tíì yanjú, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí a kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ̀rọ yóò mú wá.

Mo fẹ́ kọ ìwé àdéhùn ìdásí náà lọ́sẹ̀ yìí. Ìyá wa ti gbọ́ pé a pàdé, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ fọwọ́ sí i. Agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i?

Agbẹjọ́rò Kan:

Bí wọn kò bá ní san owó kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí nìkan, kí ó sì hàn kedere nínú ìwé náà pé ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Kí ẹlẹ́rìí kejì jẹ́ ẹni tí kì í ṣe ará ilé yín. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àárín ẹ̀yin mẹ́ta ni àdéhùn náà mọ, pé kò sọ ẹnikẹ́ni nínú yín di onídùúró lọ́dọ̀ báńkì, kí ẹ sì jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín kà á kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò.